Àwọn Tí Ń Ṣí Ohùn

Ọjọ́ Sátidé kan ni, níbi ìdána kan ní Ìbàdàn. Abẹ́ kánópì ni a jókòó sí, ẹbí ìyàwó lápá òsì, ẹbí ọkọ lápá ọ̀tún. Àga àwọn méjì tí a torí wọn pé jọ wà láàárín, wọ́n ti fi aṣọ funfun àti òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sí i. Ẹbí ọkọ ti wọlé, obìnrin wọn ti kúnlẹ̀, ọkùnrin wọn ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti dìde. Orin ń lọ, ìlù ń dún. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní ìlà kejì àwọn ẹbí ọkọ, tó káwọ́ gbera. Kò kọrin, kò pàtẹ́wọ́. Aṣọ ẹbí rẹ̀ pé, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ó fajú ro. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i.

Alága ìjókòó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń jó lọ síwájú ẹbí ìyàwó, ó kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó yí padà, orin ò já lẹ́nu rẹ̀, ó kàn gbójú wò wá láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn, bí ẹni ń ka owó. Ojú rẹ̀ kọjá lára ìyá àgbà yìí, ó sì padà sí i. Ó jó lọ bá ẹnìkejì rẹ̀, alága ìdúró, ó bi í léèrè nǹkan létí, èyíinì dá a lóhùn. Ó gbé orin náà dé ibi tí àwọn onílù ti lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá rìn wá, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà náà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Láti àárọ̀ ni a ti ń kí àwọn àgbà ilé ọkọ, a sì fo ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ẹni tó pọn ọkọ ìyàwó dàgbà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ bá wa ṣàdúrà ká tó gbẹ́sẹ̀ kejì.”

Ó na máìkì sí i. Ìyá àgbà wò ó, ó tú ọwọ́ tó ká, ó gba máìkì. Àdúrà náà ò gùn. “Ọmọ yín” ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kí Ọlọ́run dá ọmọ yín sí. Nígbà tí a fi ṣe àmín kẹta, ó ti di “ìyàwó wa”.

Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn tó wà lápá kejì rò pé ara ètò ni. Ẹni tó bá mọ bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹbí ni yóò mọ ohun tí alága yìí pa kó tó dàgbà. Ọ̀rọ̀ bíi “wọn ò kà mí kún lọ́jọ́ ìdána” kì í tètè kú. Ó lè bá ìyàwó dé ọjọ́ ìkómọ, kó bá a dé ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣílé, kó tún jókòó dè é níbi ìsìnkú. Alága rí i ní èéhù, ó fà á tu, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ.

Mo ti wà níbi ìdána púpọ̀, bí ẹbí, bí ọ̀rẹ́, bí ẹni tí ń wá ìròyìn kọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pe àwọn alága ní olórin, tí wọ́n ń pè wọ́n ní aláwàdà, tí wọ́n ń sọ pé owó ni wọ́n ń wá kiri. Orin wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àwàdà ò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń wo àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dójú ẹ̀, etí àti ojú wọn ni mo ń wò. Èmi ò mọ iṣẹ́ mìíràn láwùjọ wa tí wọ́n ti ń gba igba èèyàn tí kò mọ ara wọn rí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí wọ́n sì ní láti sọ wọ́n di àna ara wọn kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ẹni tí kò bá mọ ètò náà, kó jẹ́ kí n là á yé e díẹ̀. Alága ìjókòó ni agbẹnusọ ẹbí ìyàwó. Ìjókòó ni, torí ilé rẹ̀ ni wọ́n wá bá a. Alága ìdúró ni agbẹnusọ ẹbí ọkọ. Ìdúró ni, torí ẹni tó wá tọrọ nǹkan kì í jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. Lórí ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń wà látàárọ̀ dọ̀sán, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti sọ ẹni tó nilé àti ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Láyé àtijọ́, wọn kì í san owó fún ẹni tí ń ṣe é. Alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ẹbí, àwọn àgbà ni wọ́n ń sọ ọ́, àwọn ìyàwó ilé tó lẹ́nu tó sì láyà ló sì ń bá wọn fi orin gbé e. Mo máa ń rò pé ó nídìí tó fi bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ọmọ ilé kan ni, ó jẹ́ ìyàwó nílé mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ti rin ọ̀nà tí ìyàwó tuntun fẹ́ rìn. Ó mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn jókòó láàárín àjèjì, kí wọ́n sọ pé ẹbí rẹ̀ nìyí. Ìmọ̀ yẹn ni àwọn alága òde òní sọ di iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ lórí rẹ̀, tí èèyàn ń ti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n sí.

Orúkọ kan wà tí ìpàdé ẹbí méjì yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí mi ò fẹ́ ká gbàgbé. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbi tó ti sọ nípa ìgbéyàwó, ó ní alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé yìí, nígbà tí ọwọ́ gbogbo ẹbí ti dilẹ̀. Wọ́n á mú ogójì obì ńláńlá wá, pẹ̀lú owó àti ọtí. Wọ́n á la obì náà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ti àwọn èèyàn pàtàkì tí kò lè wá ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìṣíhùn ni ó pe ètò náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ṣí ohùn. Ẹbí tó gbà láti fọmọ fúnni ṣí ohùn rẹ̀. Ẹni tó jẹ obì ti gbọ́, kò lè sọ lọ́la pé òun ò gbọ́.

Ogójì obì yẹn ti di méjìlélógójì nínú ọ̀pọ̀ lísìtì ẹrù ìdána tí mo ń rí báyìí, iṣu 42, orógbó 42, ataare 42, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì oyin, àpò iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Ibi tí mo ti ń rí ìṣíhùn gan-an lónìí ni ojú ìwé kejì lísìtì náà, níbi tí wọ́n ń kọ owó sí. Owó ìkanlẹ̀kùn. Owó lẹ́tà kíkà. Owó ìṣíjú ìyàwó. Owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé. Owó bàbá gbọ́. Owó ìyá gbọ́. Mo máa ń dúró lórí àwọn méjì ìkẹyìn yìí. Owó tí bàbá fi gbọ́! Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rò pé ìrẹ́jẹ lásán ni, àti pé iye owó náà ló ṣe pàtàkì. Alága tó mọ̀ ọ́n yóò fi hàn wọ́n pé máàpù ìdílé ni lísìtì yẹn. Bó ṣe ń pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ẹbí ọkọ ń mọ ẹni tó wà nílé yìí tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀: bàbá yàtọ̀, ìyá yàtọ̀, àwọn tí wọ́n bí sílé yàtọ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ wọlé yàtọ̀. Àpò ìwé kékeré tí wọ́n fún àwọn ìyàwó ilé, náírà inú rẹ̀ lè má ra ẹran kìlò kan. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ẹbí tuntun yìí mọ̀ pé wọ́n wà.

Alága kan tí mo mọ̀ dáadáa, tó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, jẹ́ kí n wo ìwé rẹ̀ rí. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ojú ewé méjì fún ìdána kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé orin ni màá bá níbẹ̀. Orin ò ju ìlà méjì lọ. Ìyókù, bí èèyàn ṣe rí ni. “Bàbá, Mùsùlùmí. Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà méjì.” “Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Má béèrè iye ọmọ.” “Bọ̀dá Èkó àti bàbá ọkọ ò sọ̀rọ̀. Má pè wọ́n pọ̀.” “Bàbá àgbà: ojú ò ríran dáadáa. Fọwọ́ kàn án kí o tó kí i.”

Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín igba èèyàn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń hó, ẹnìkan ti ronú ṣáájú pé bàbá kan á ta gìrì bí ohùn bá sọ sí i láti ibi tí kò rí.

Báwo ló ṣe ń rí gbogbo èyí gbọ́? Ó ní òun máa ń lọ sílé ìyàwó lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Kì í ṣe yàrá àlejò ló máa ń pẹ́ sí, ilé ìdáná ni. Níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́, wọ́n á máa sọ ohun tí wọn ò lè sọ níwájú bàbá. Lẹ́yìn náà, á pe alága ìdúró lórí fóònù, wọ́n á kó ohun tí wọ́n mọ̀ pọ̀. Irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ìbéèrè etí lásán tó lọ́jọ́ Ìbàdàn yẹn. Àwọn méjèèjì tí ẹ ń rí tí wọ́n ń bá ara wọn jà lójú agbo ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje.

Ìjà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Ẹbí ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. “Ta ni yín? Ibo lẹ ti ń bọ̀? A ò mọ̀ yín rí o.” Alága ìdúró á dáhùn pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó sì wu àwọn. “Òdòdó ò sí nínú ọgbà wa, iṣu la gbìn.” Wọ́n á kọrin, alága ìjókòó á ní orin yẹn ò dùn, kí wọ́n padà lọ kọ́ ọ wá. Wọ́n á kúnlẹ̀, á ní ẹnìkan wà lẹ́yìn tí kò kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n á san ìtanràn. Bàbá ọkọ tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn bẹ́ẹ̀ rí, á máa rẹ́rìn-ín, á máa ki ọwọ́ bọ agbádá.

Mo ti bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí a ò fi ní kí wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ìdánrawò ni. Àwọn ẹbí méjì yìí á jà lọ́jọ́ kan, bí ilé ayé ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á jà lórí orúkọ ọmọ, lórí ọdún tí wọn ò wá kí wọn, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ tí ẹnìkan gbọ́ sódì. Ṣùgbọ́n ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n jà, eré ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ló sì tọ́ wọn sọ́nà nínú rẹ̀. Wọ́n ti bínú eré, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ eré, wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀, wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín. Ẹnu wọn ti mọ “ẹ má bínú” láàárín ara wọn kí ìbínú gidi tó dé.

Irú eré yìí le. Alága ìjókòó, lọ́pọ̀ ìgbà, kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń bá wí. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìdúró, ìwọ̀sí ni. Ẹ máa wò ó: kò sí ìtanràn tó dá fún àgbà tí kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó dá a. Gbogbo ohùn rẹ̀ ń pàṣẹ, gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló ń san gbèsè ẹnu rẹ̀. Kò sì fìgbà kan sọ “ẹ san án fún mi”. “Àwọn bàbá wa sọ pé”, “àwọn ìyá wa ń béèrè pé”, bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé e. Ọ̀rọ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n rán an gbà.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́. Níbi ìdána kan, alága mú ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, oòrùn ọ̀sán sì mú. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ó ní owó tí wọ́n kó sílẹ̀ kéré. Wọ́n tún kó. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ kan ò sinmi àyà sílẹ̀. Àwọn tó wà lápá ẹbí ìyàwó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbẹ lápá kejì. Mo rí bàbá ọkọ tó ṣí fìlà, tó fi lé itan, tó sì ń wo ilẹ̀. Obìnrin yẹn ò wo ibẹ̀ rárá. Ọkọ ìyàwó ló ń wò, àti owó. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé iye tí wọ́n bá a ṣe ò tó nǹkan, pé ìtanràn àti owó ìnáwó lójú agbo ló fi ń dí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí alága ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó san owó rẹ̀ pé, kó tó dọ́jọ́ náà. Ẹni tí ebi ń pa, etí rẹ̀ ò ní gbọ́ nígbà tí ẹ̀rín bá gbẹ.

Èyí tó mọ iṣẹ́, nígbà tí ọkọ bá wà nílẹ̀, kì í wo ọkọ. Ojú bàbá ìyàwó ló máa ń wò. Lọ́jọ́ Ìbàdàn yẹn, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ẹbí ìyàwó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n súre. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ètò. Bàbá ìyàwó kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ìka méjì nu abẹ́ ojú. Alága ìjókòó gbọ́wọ́ sókè sí àwọn onílù, gángan dákẹ́. “Bàbá ti gbọ́,” ló sọ, ó sì ní kí ọkọ dìde lọ bá bàbá. Kò sí ẹni tó béèrè pé ẹ̀ẹ̀mejì tó kù ńkọ́. Bàbá náà dì mọ́ ọn, ó fà á jókòó sáàárín òun àti ìyá ìyàwó.

Bákan náà ni lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó. Àbúrò ìyàwó ló kà á. Ọmọ náà ń sáré, bí ọmọdé ṣe ń kàwé níwájú èrò. Alága jẹ́ kó sáré títí ó fi dé ibi tí ẹbí ọkọ ti kọ ọ́ pé àwọn á tọ́jú ìyàwó bí ọmọ tí àwọn bí. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Jọ̀ọ́, tún ibẹ̀ kà fún wa.” Ọmọ náà tún un kà. Alága kọjú sí ẹbí ọkọ: “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?” Wọ́n ní àwọn ni. “Gbogbo yín?” Wọ́n dáhùn pọ̀. Ẹ̀jẹ́ tí ẹnìkan kọ sórí ìwé ti di ẹ̀jẹ́ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn fi ẹnu ara wọn jẹ́.

Nígbà tí ìyàwó jáde, tí wọ́n ti ṣí i lójú, tí ó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn òbí ọkọ, alága ṣe nǹkan kan tí kò sí nínú ètò tí wọ́n tẹ̀. Ó wọ inú àwọn ẹbí ọkọ lọ, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan jáde, bóyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. “Ìyàwó, ọkọ rẹ nìyí.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀ fún un. Alága béèrè orúkọ tí ìyàwó máa pè é. Ẹni tó dàgbà nínú wa mọ ohun tó ń béèrè: ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ó kéré o, ó dàgbà o. Á wo ìrísí rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀, á fi sọ ọ́ lórúkọ, Adúmáadán, Akọ̀wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àṣà yìí ti ń lọ lára wa. Ìyàwó náà wo ọmọ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó rí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ojú ọmọ náà tàn. Mi ò rò pé yóò gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Bí ẹbí bá ti ibi tó jìnnà síra wá, alága tún ní iṣẹ́ mìíràn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kí àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú ní ẹ̀ka èdè wọn. Àwọn tó gbọ́n kì í ju gbólóhùn méjì lọ. Ẹyọ kan tàbí méjì, àlejò á mọ̀ pé wọ́n rí òun. Bó bá di mẹ́wàá, á dà bí ẹni pé wọ́n ń sín òun jẹ. Nígbà tí ọkọ bá sì jẹ́ Ìgbò, alága tí mo ka ìwé rẹ̀ máa ń pe bàbá ọkọ lórí fóònù ṣáájú, á ṣàlàyé ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa àti ohun tí kò jẹ́, á sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn, kí òun lè fún un láyè nínú ètò.

Iṣẹ́ náà ti bá wa dé òkè òkun. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, gbọ̀ngàn tí wọ́n fi wákàtí háyà ni wọ́n ń lò, alága ní láti mọ ohun tí yóò fò àti ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò. Lọ́dún 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, alága tó ni ìwé yẹn ṣe ìdána kan lórí Zoom. Ó sọ fún mi pé àmín ló dà á láàmú jù. Bí gbogbo wọn bá ṣe é pọ̀, ariwo ni. Bí wọ́n bá sì pa ohùn wọn, àdúrà á dà bí ẹni ń gbà á nínú yàrá òfìfo. Ó wá ń pe àgbà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí olúwarẹ̀ ṣí ohùn tirẹ̀, kó ṣe àmín, kó tún pa á, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti Ìbàdàn dé ibi tí ọkọ wà. Ó pẹ́. Ó ní òun ò tíì ṣe ìdána tí àmín rẹ̀ wọ òun lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà kan wà nínú gbogbo ìdána tí alága tó mọ iṣẹ́ kì í kọrin. Wọ́n ti gbé owó orí fún bàbá ìyàwó nínú àpò ìwé. Lọ́pọ̀ ilé, bàbá á dá a padà, torí a kì í ta ọmọ. Àwọn alága kan á fi àwàdà bò ó, wọ́n á yára kọjá. Lọ́jọ́ Ìbàdàn, obìnrin yìí ní kí gángan dákẹ́, ó ní kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbọ́wọ́ kúrò, ó sì fi máìkì sẹ́yìn ara rẹ̀. A gbọ́ bí kánópì ṣe ń jù nínú atẹ́gùn. Bàbá ìyàwó dìde, ó rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá ọkọ, ó fi àpò ìwé náà sí i lọ́wọ́. Ó ní, láìsí máìkì, “Ọmọ ni mo fún yín, mi ò tà á. Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè mí.” Bàbá ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹ̀ ba. Lẹ́yìn ìyẹn ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, alága náà ò sì kánjú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dojú kọ ilẹ̀, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n sanwó fún láti máa sọ̀rọ̀ ni o, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òun.

Wọ́n jẹun, wọ́n ná owó fún ìyàwó, oòrùn ti ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bá alága náà lẹ́yìn kánópì. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń mu omi gbígbóná, ó ti bọ́ bàtà. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀fun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo ibì kan lẹ́yìn mi. Mo yíjú wò ó. Ìyá àgbà òwúrọ̀ yẹn ti gbé àga rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún, ó ti gbé e lọ bá ìyá ìyàwó lápá òsì. Àwo kan wà láàárín wọn, gèlè ti kúrò lórí àwọn méjèèjì, ìyá ìyàwó ń sọ̀rọ̀, èkejì sì ń fi ọwọ́ gbá itan. Alága gbé ife kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ká wáyà máìkì rẹ̀.